Ohun Tí Ìtàn Adẹ́rùbani Kọ́ Mi Nípa Ìtàn

Nínú èdè wa, orúkọ kan náà ni à ń pe ohun tó ṣẹlẹ̀ láyé àtijọ́ àti ohun tí ẹnì kan fi ọkàn ara rẹ̀ rò: ìtàn ni à ń pe méjèèjì. Nílé ìwé, a yà wọ́n sọ́tọ̀. Olùkọ́ kan ń kọ́ wa ní ohun tó ṣẹlẹ̀, pẹ̀lú ọdún àti orúkọ. Olùkọ́ kejì ń kọ́ wa ní ìtàn àròsọ, níbi tí ẹyẹ ti lè sọ̀rọ̀, tí òkú sì lè dìde. Èmi náà gbà tẹ́lẹ̀ pé àwọn méjèèjì kò ní ohun kan í bá ara wọn ṣe. Nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn tó kọjá, mo ka ìtàn adẹ́rùbani tí àwọn òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí ni pé ìtàn tí kò ṣẹlẹ̀ lè jẹ́ ẹ̀rí nípa àwọn tó wà láyé nígbà tí wọ́n kọ ọ́, àti pé ó lè la ojú wa sí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé tiwa.

Olùkọ́ Lítíréṣọ̀ wa ni wọ́n yá mi ní ìwé náà. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, ọ̀pọ̀ ìtàn inú rẹ̀ kò sì gùn ju ohun tí èèyàn lè kà tán kí ìrẹsì tó jinná. Wọ́n ní, "Kà á, kí o wá sọ fún mi bóyá ẹ̀rù bà ọ́." Mo rẹ́rìn-ín. Láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938. Ọmọ tó ti pàdé Àgbákò, kí ni iwin òyìnbó fẹ́ fi ṣe é? Mo ki ìwé náà bọ inú báàgì, mo sì gba ilé Màmá lọ ní Ọ̀yọ́. Màmá ni ìyá tó bí bàbá mi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú àkókò tí wọ́n kọ àwọn ìtàn náà. Ní 1870, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tó mú kí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pọ̀ káàkiri; nígbà tó di 1880, wọ́n sọ ọ́ di dandan kí ọmọdé lọ. Ọmọ tó wà nílé ìwé nígbà náà ti di àgbà ní 1900. Ó mọ̀wé kà, ó ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síbi iṣẹ́, ó sì fẹ́ ohun tí yóò máa kà lójú ọ̀nà. Àwọn tó ń tẹ ìwé ìròyìn rí èyí. The Strand Magazine bẹ̀rẹ̀ ní 1891, ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ sì wà nígbà náà. Ìtàn kúkúrú ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń wá. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé iná mànàmáná ti ń tàn ní ìgboro Lọ́ńdọ̀nù, tẹlifóònù ti wà, ọkọ̀ ojú irin ti ń sáré lábẹ́ ilẹ̀. Mo ti rò pé inú òkùnkùn ni ẹ̀rù ń gbé. Kí ló dé tí àwọn tó ní iná fi fẹ́ràn ìtàn òkú bẹ́ẹ̀?

Ìtàn àkọ́kọ́ tí mo kà bẹ̀rẹ̀ sí í dá mi lóhùn. W. W. Jacobs ló kọ ọ́, ó sì jáde ní 1902. The Monkey's Paw ni àkọlé rẹ̀. Ọwọ́ Ọ̀bọ ni mo pè é fún Màmá. Wapping, ní etí odò Thames ní Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n ti bí Jacobs ní 1863. Bàbá rẹ̀ jẹ́ alábòójútó èbúté, òun fúnra rẹ̀ sì ṣe akọ̀wé ní báńkì ìfowópamọ́ ti ilé ìfìwéránṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìtàn apanilẹ́rìn-ín nípa àwọn atukọ̀ ni àwọn èèyàn mọ̀ ọ́n mọ́. Bóyá ìdí nìyẹn tí ìtàn yìí fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀fẹ̀.

Bàbá kan, ìyá kan àti ọmọkùnrin wọn, Herbert, jókòó sídìí iná ní alẹ́ òjò. Bàbá àti ọmọ ń ta ṣẹ́ẹ̀sì. Ọ̀rẹ́ bàbá náà, sójà àgbà kan tó ti lo ọdún 21 ní Íńdíà, mú ọwọ́ ọ̀bọ gbígbẹ kan jáde. Ó ní ẹni mímọ́ kan níbẹ̀ ló ṣe oògùn sí i: ẹni mẹ́ta ló lè fi tọrọ ohun mẹ́ta-mẹ́ta, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ yí àyànmọ́ padà yóò kábàámọ̀. Sójà náà ju ọwọ́ ọ̀bọ náà sínú iná. Bàbá yìí yọ ọ́. Wọn kò tilẹ̀ mọ ohun tí wọn ó tọrọ. Herbert ló dábàá, pẹ̀lú ẹ̀rín, pé kí bàbá òun tọrọ 200 pọ́n-ùn kí wọ́n fi san gbèsè tó kù lórí ilé. Bàbá tọrọ rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ọkùnrin kan tó múra dáadáa wá láti ilé iṣẹ́ tí Herbert ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ ti fa ọmọ náà wọlé, ó ti kú. Ilé iṣẹ́ náà ní àwọn kò gba ẹ̀bi kankan, ṣùgbọ́n nítorí iṣẹ́ tí ọmọ wọn ti ṣe fún àwọn, àwọn fẹ́ fún wọn lówó. Èló? 200 pọ́n-ùn.

Níwájú ilé ni mo ti ń ka ìtàn yìí fún Màmá nírọ̀lẹ́. Mò ń túmọ̀ rẹ̀ bí mo ti ń lọ, àwọn náà ń bó ẹ̀gúsí sínú àtẹ. Nígbà tí mo dé ibi owó náà, ọwọ́ wọn dúró.

"Èló ni o ní wọ́n fún wọn?"

"Igba pọ́n-ùn ni, Màmá."

"Wọ́n gbà á?"

"Ìwé náà kò sọ pé wọ́n kọ̀ ọ́."

Màmá gbé àtẹ wọn wọlé. Ẹ̀gúsí náà kò tíì tán, n kò sì tíì dé ibi tí òkú ti kan ilẹ̀kùn. Mo mọ̀ pé bàbá mi ní àbúrò kan tó kú kí wọ́n tó bí mi, mo sì mọ̀ pé ibi iṣẹ́ ló kú sí. Ohun tí mo mọ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nílé wa, a kì í béèrè nípa rẹ̀.

N kò rí oorun sùn lóru ọjọ́ náà, kì í sì í ṣe òkú ló ń dẹ́rù bà mí. Ọ̀rọ̀ owó náà ni. Mo fi fóònù wádìí rẹ̀, nígbà tí mo sì padà sílé ìwé, olùkọ́ Ìtàn wa ràn mí lọ́wọ́ láti lóye òfin náà. Kó tó di 1897, bí òṣìṣẹ́ bá farapa ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun ni yóò fi ẹ̀rí hàn ní kóòtù pé ọ̀gá rẹ̀ ló jẹ̀bi. Bí ó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣe àṣìṣe, kóòtù lè dá ọ̀gá sílẹ̀. Ẹjọ́ kan tí wọ́n dá ní 1837, ti Priestley àti Fowler, ni wọ́n máa ń tọ́ka sí. Òfin kan ní 1880 dín ìnira náà kù díẹ̀, ṣùgbọ́n òfin 1897 ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, ojú irin, ibi ìwakùsà àti irú wọn, ọ̀gá yóò san owó fún ẹni tó farapa lẹ́nu iṣẹ́, ìbáà jẹ̀bi, ìbáà má jẹ̀bi, àfi tí òṣìṣẹ́ náà bá mọ̀ọ́mọ̀ hùwà àìdáa. Bí ó bá kú, àwọn tó ń ti ọwọ́ rẹ̀ jẹun yóò gba iye owó iṣẹ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta tàbí 150 pọ́n-ùn, èyí tó bá pọ̀ jù, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ju 300 pọ́n-ùn lọ. Òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1898. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ìtàn Jacobs jáde.

Ẹ wò ó: 200 wà láàárín 150 àti 300. N kò sọ pé Jacobs ṣí ìwé òfin kó tó mú kálámù. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó ka ìtàn náà ní 1902 ti ń gbé ní ìlú tí ẹ̀mí òṣìṣẹ́ ti ní iye nínú òfin. Ọkùnrin tó múra dáadáa, tó ń lọ tó ń bọ̀ lẹ́nu géètì kó tó lè wọlé, kò lè ṣàjèjì sí i. Ọwọ́ ọ̀bọ ni àjèjì. Ẹ̀rọ kì í ṣe àjèjì, owó kì í ṣe àjèjì. Bí a bá yọ oògùn kúrò nínú ìtàn náà, ìdajì rẹ̀ ṣì lè ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́kọ́jọ́. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù rẹ̀ wà. Nínú ìwé Fágúnwà, ọdẹ ló ń lọ bá ẹ̀rù nínú igbó, ó sì mú ìbọn dání. Nínú ìtàn Jacobs, ẹ̀rù wọ aṣọ tó mọ́, ó sì wá bá wọn nílé.

Ohun kejì tí mo ṣàkíyèsí ni ibi tí ọwọ́ ọ̀bọ náà ti wá. Ẹni mímọ́ tó ṣe oògùn sí i kò ní orúkọ nínú ìtàn náà. Sójà Gẹ̀ẹ́sì tó mú un wálé ló ní orúkọ. Ìgbà náà ni ohun ìní àwọn ẹlòmíràn ń wọ Lọ́ńdọ̀nù nínú ẹrù àwọn sójà. Ní 1897, ọdún tí wọ́n ṣe òfin òṣìṣẹ́ yẹn gan-an, ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ ìlú Bìní, tí wọ́n kó ère idẹ àti eyín erin ààfin lọ. Ọdún náà kò parí kí wọ́n tó pàtẹ díẹ̀ nínú wọn ní British Museum. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ ilẹ̀ tí wọ́n kó nǹkan rẹ̀ lọ, mo rí i pé ìtàn náà mọ ohun kan tí àwọn sójà náà kò kà sí: ohun tí a kò mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é, a kì í kàn gbé e wálé.

Ìtàn kejì tẹ̀ síwájú lórí ọ̀rọ̀ yìí. M. R. James ló kọ ọ́, ó sì wà nínú ìwé rẹ̀, Ghost Stories of an Antiquary, tó jáde ní 1904. Ọ̀mọ̀wé ni James. Ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ ló ń kà, tó ń ṣe àkójọ wọn, ó sì di olórí King's College ní Cambridge ní 1905. Nígbà Kérésìmesì, ó máa ń ka ìtàn iwin tuntun fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú yàrá rẹ̀ lálẹ́. Ọ̀kan nínú wọn, James McBryde, bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán fún ìwé náà, ṣùgbọ́n ikú kò jẹ́ kó parí rẹ̀. Àwòrán mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀. Nínú ìtàn tí mò ń wí, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí kò gba iwin gbọ́ lọ sinmi ní etí òkun. Ó tú ilẹ̀ níbi àwókù ilé ìsìn àtijọ́ kan, ó rí fèrè idẹ, ó fọ̀ ọ́ mọ́, ó sì fọn ọ́. Láti ìgbà náà ni ohun kan ti ń tẹ̀ lé e, títí ó fi dìde lórí bẹ́ẹ̀dì kejì nínú yàrá rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ ìbùsùn lára.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìtàn yìí, nítorí ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ mi ló ń sọ. Nínú àwọn ìtàn James tí mo kà, ẹni tó ń jìyà ni ẹni tó ń wádìí ohun àtijọ́: ẹni tó ṣí àpótí, ẹni tó wa ilẹ̀, ẹni tó túmọ̀ ìwé. Èmi náà ti fọn fèrè níwájú Màmá láìmọ̀. Ọjọ́ méjì ni wọn kò fi bá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo ń rò ó pé bóyá ńṣe ni James ń kìlọ̀ kí a fi ohun tó ti sùn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rántí pé òun fúnra rẹ̀ kò fi í sílẹ̀. Ìwé àtijọ́ ló ń ṣí ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Bí mo ti lóye ìkìlọ̀ rẹ̀, kò ní kí a má wádìí. Ó ní kí a má wádìí bí ẹni ń ṣeré.

Ìtàn kẹta ló yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn mọ̀. Ní oṣù Kẹjọ 1914, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì pàdé àwọn ọmọ ogun Jámánì tó pọ̀ jù wọ́n lọ ní Mons, ní Belgium, wọ́n sì ní láti padà sẹ́yìn. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án, Arthur Machen, tó ń ṣiṣẹ́ ní ìwé ìròyìn The Evening News ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ ìtàn kúkúrú kan síbẹ̀ tó pè ní The Bowmen. Nínú rẹ̀, sójà kan ké pe Saint George, àwọn tafàtafà tó ti jà ní Agincourt ní 1415 sì yọ, wọ́n ta àwọn ọ̀tá lọ́fà. Àwọn ọmọ ogun Jámánì ṣubú, wọ́n kú, kò sì sí ojú ọgbẹ́ lára wọn.

Machen fi ọkàn rò ó ni. Ṣùgbọ́n inú ìwé ìròyìn ló wà, wọn kò sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé àròsọ ni. Àwọn kan kọ̀wé sí i pé níbo ló ti gbọ́ ọ. Àwọn ìwé ìròyìn ìjọ tọrọ àyè láti tún un tẹ̀. Ó ṣàlàyé fún wọn pé òun ló rò ó. Àwọn kan kò gbà. Nígbà tó di 1915, àwọn tafàtafà ti di áńgẹ́lì lẹ́nu àwọn èèyàn, wọ́n sì ń sọ pé sójà báyìí-báyìí fi ojú ara rẹ̀ rí wọn. Lọ́dún yẹn, Machen tẹ ìwé kan jáde tó fi ṣàlàyé bí ìtàn náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn kò dá ìròyìn náà dúró.

Mo kọ́kọ́ fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo ro ti àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn náà nílé. Ọ̀pọ̀ ìyá ló gbọ́ pé ọmọ wọn kú, tàbí pé wọn kò rí i mọ́, ìjọba kò sì gbà kí a gbé òkú àwọn ọmọ ogun padà wálé. Àwọn àgbà wa ní ọmọ mi kú sàn ju ọmọ mi nù lọ. Ẹni tí kò rí òkú ọmọ rẹ̀, tí wọ́n wá sọ fún un pé áńgẹ́lì wà níbi tó ṣubú sí, ṣé yóò béèrè ẹ̀rí? Àwọn òǹkọ̀wé ìtàn adẹ́rùbani pàápàá kò bọ́ nínú ogun náà. Saki, ẹni tí mo gbádùn ìtàn rẹ̀ jù, kú sójú ogun ní Faransé ní 1916. William Hope Hodgson, tó kọ ìtàn ẹ̀rù orí òkun, kú ní Belgium ní 1918. Áńgẹ́lì Mons kò lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Mons fún wa. Ohun tí àwọn tó wà nílé ń fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ ló ń sọ. Ẹ̀rí ni ìyẹn náà, tí a bá mọ ìbéèrè tí a ó bi í.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, Màmá fúnra wọn ni wọ́n pè mí. "Àdùkẹ́, mú ìwé rẹ wá. Ìtàn yẹn kò tíì parí."

Mo jókòó tì wọ́n, mo sì ka èyí tó kù. Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyá Herbert fi agbára mú ọkọ rẹ̀ kó tọrọ lẹ́ẹ̀kejì, kí ọmọ wọn padà wà láàyè. Lóru, wọ́n gbọ́ tí ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn. Ìyá náà sáré lọ ṣí i, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò tó ìdábùú tó wà lókè ilẹ̀kùn. Bàbá, ẹni tó mọ ohun tí ẹ̀rọ ti fi ọmọ náà ṣe, kúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ wá ọwọ́ ọ̀bọ nílẹ̀. Ó rí i, ó sì tọrọ lẹ́ẹ̀kẹta. Kíkàn náà dáwọ́ dúró. Ìyá ṣí ilẹ̀kùn, kò rí ẹnì kankan. Nígbà tí mo dá kà á, mo ti gbà pé bàbá ló gbọ́n, pé ìbànújẹ́ ló ti gba iyè ìyá. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Màmá.

Wọ́n mi orí. "Èmi ì bá ṣí i," ni wọ́n wí. "Bó ti wù kó rí. Ìyá wo ni ọmọ rẹ̀ yóò máa kan ilẹ̀kùn tí kò ní ṣí i?"

Wọ́n dìde wọ yàrá, wọ́n sì mú àpòòwé kan jáde láti inú àpótí wọn. "Ọkùnrin méjì ló wá lọ́jọ́ náà. Àwọn náà múra dáadáa. Wọ́n mú owó wá, wọ́n ní kí n tẹ̀ka síbí. Owó yẹn la fi kan páànù sórí ilé yìí. Bàbá rẹ ka ìwé náà nígbà tó dé, kò sọ ohunkóhun fún mi, èmi náà kò sì bi í. Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

Ojú ìwé kan ṣoṣo ni, ìlà méje, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni. Àmì ìka Màmá wà nísàlẹ̀, ó ti ṣá. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún wọn ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó ní ilé iṣẹ́ náà kò gba ẹ̀bi kankan. Ó ní nítorí iṣẹ́ tí ọmọ wọn ti ṣe, àwọn fi àánú fún ìdílé rẹ̀ ní owó yìí. Ó ní ìdílé náà kò ní ohun kan láti béèrè mọ́. Díẹ̀ ló kù kó jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà pẹ̀lú èyí tí Jacobs fi sẹ́nu ọkùnrin tó múra dáadáa ní 1902. Òfin lórí òṣìṣẹ́ tó farapa ti wà ní Nàìjíríà láti ayé ìjọba amúnisìn. Èyí tí wọ́n ṣe ní 2010 ni wọ́n ń lò báyìí. Ohun tí òfin pè ní ẹ̀tọ́, ìwé yẹn pè é ní àánú.

Màmá dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. "Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Wọn kò kọ orúkọ rẹ̀?"

Mo tún ìwé náà wò. Orúkọ ilé iṣẹ́ wà níbẹ̀, orúkọ Màmá wà níbẹ̀, iye owó wà níbẹ̀ ní nọ́ńbà àti ní ọ̀rọ̀. Àbúrò bàbá mi kò ní orúkọ níbẹ̀. Ọmọ wọn tó ti di olóògbé ni wọ́n pè é.

Mo ti rí ìdáhùn sí ìbéèrè tí mo béèrè níbẹ̀rẹ̀. Iná mànàmáná kò lé ẹ̀rù lọ. Ẹ̀rù kó kúrò nínú igbó lọ sínú ilé iṣẹ́, sínú ẹrù sójà, sínú lẹ́tà tó ń ti ojú ogun bọ̀, àwọn òǹkọ̀wé wọ̀nyí sì tẹ̀ lé e lọ síbẹ̀. Ìwé òfin 1897 sọ iye tí wọ́n fi sórí ẹ̀mí irú Herbert fún mi. Ìtàn Jacobs sọ bí ó ti rí fún ẹni tí wọ́n ka owó náà lé lọ́wọ́. Ó yẹ kí a máa ka méjèèjì pọ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá ka ìtàn tó dẹ́rù bà yín, ẹ béèrè ọdún tí wọ́n kọ ọ́, kí ẹ sì béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́dún náà. Lẹ́yìn náà, ẹ kà á fún àgbà kan nílé yín, kí ẹ mú sùúrù.

Kí n tó kúrò ní Ọ̀yọ́, Màmá ní kí n mú ìwé àkọsílẹ̀ mi wá. Wọ́n sọ orúkọ àbúrò bàbá mi fún mi ní kíkún, pẹ̀lú oríkì rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bí i àti ọjọ́ tó kú. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mo sì kà á sókè fún wọn kí wọ́n lè mọ̀ pé n kò ṣì í kọ. Ọmọ ọdún 23 ni.